Taki, Takyi, Tacky: Ohun tí Orúkọ Ọba ní Accra Lè Jẹ́rìí sí àti Ohun tí Kò Lè Jẹ́rìí sí

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé, lójú àwọn baba ńlá wa, orúkọ kì í ṣe àmì lásán tí a fi ń ya ẹnì kan sọ́tọ̀ lára ẹlòmíràn. Ó ń sọ nípa ìdílé ọmọ, ipò rẹ̀ àti ìgbà tí a bí i. Ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀nà yìí ni onímọ̀ ẹ̀dá-èdè àti òpìtàn sábà máa ń gbà. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí nínú ìwé. Orúkọ yìí ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó sọ irú ilé tí olórúkọ ti jáde wá. Ìbéèrè tí bébà yìí fẹ́ dáhùn ni pé: báwo ni ẹ̀rí tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń mú wá ṣe lágbára tó?

Orúkọ ọkùnrin kan ni a ó fi ṣe àyẹ̀wò náà. Ní Accra, Taki ni àwọn elédè Gã ń pè é, Tackie sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ ọ́ lónìí. Láàrin àwọn elédè Akan, a máa ń rí Takyi, Tachie, Tekyi àti Techie. Nínú ìwé tí àwọn Òyìnbó olóko kọ ní àwọn erékùṣù Caribbean ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Tacky tàbí Tackey ni ó wà níbẹ̀. Ọba ti jẹ́ orúkọ yìí, mẹ̀kúnnù ti jẹ́ ẹ, ẹrú tí ó dìde sí olówó rẹ̀ sì ti jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Èrò wa ni pé orúkọ náà lè jẹ́rìí sí ìtàn ìró, sí àṣà ìsọmọlórúkọ àti sí bí èdè ṣe ń bá èdè pàdé. Kò lè dá nìkan jẹ́rìí sí ìran olórúkọ tàbí sí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí oyè.

2.0 Àwọn Taki tí wọ́n jọba ní Accra

Gã ni èdè àwọn onílẹ̀ Accra; òun àti Dangme ni ìbátan tí ó sún mọ́ ara wọn jù nínú àwọn èdè Kwa. Maŋtsɛ ni wọ́n ń pe ọba. Maŋ túmọ̀ sí ìlú, tsɛ sì túmọ̀ sí baba tàbí ẹni tí ó ni nǹkan. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò rí i pé ìhun ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ti Baálẹ̀.

Taki Kome I ni ó wà lórí oyè nígbà ogun Katamanso, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1826, nígbà tí àwọn Gã, àwọn tí wọ́n bá wọn dòwò pọ̀ nínú ogun náà àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Asantehene Osei Yaw Akoto. Taki Tawia I gorí oyè ní 1862, ó sì pẹ́ níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1902. Ní ìgbà tirẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé olú-ìlú Gold Coast kúrò ní Cape Coast wá sí Accra, ní 1877. Ìjọba kan náà ni ó mú un lọ sí àhámọ́ ní Elmina ní 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Taki Obili jẹ, láti 1904 títí wọ́n fi rọ̀ ọ́ lóyè ní 1918. Taki Yaoboi tẹ̀lé e ní 1919, wọ́n sì rọ òun náà lóyè ní 1929.

Bí a bá wo àwọn orúkọ wọ̀nyí bí Òyìnbó ṣe ń wo orúkọ, a ó sọ pé ìdílé kan tí ń jẹ́ Taki ni ó ń jọba, tí baba ń gbé e fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé mẹ́rin ni a mọ̀ sí ilé ọba: Taki Kome We, Amugi We, Abola Piam We àti Teiko Tsuru We. We nínú èdè Gã ni ilé, agbo ilé tàbí ìdílé. Nii Amugi II, tí ó jọba láti 1965 títí di 2004, kò fi Taki ṣe orúkọ oyè. Nígbà tí ó wàjà, tí àríyànjiyàn lórí oyè náà dé ilé ẹjọ́, àwọn tí a mọ̀ nínú rẹ̀ ni Nii Taki Tawia III, Nii Taki Adama Latse II àti Nii Taki Teiko Tsuru II. Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde, síbẹ̀ gbogbo wọn ni ó jẹ́ Taki. Orúkọ tí gbogbo ẹni tí ń du oyè jọ ń jẹ́ kò lè sọ fún adájọ́ ẹni tí oyè tọ́ sí. Ohun tí ó ń sọ fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yàtọ̀: orúkọ tí ó ti jẹ́ ti ènìyàn, lẹ́yìn náà ti ilé, ti ń di orúkọ oyè.

3.0 Ìhun orúkọ ọba

Ẹ jẹ́ kí a tú Nii Taki Tawia I palẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn ìbéèrè tirẹ̀.

Nii ni baba àgbà. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni fún ọba, ìjòyè àti àgbà ọkùnrin. Naa ni ti obìnrin. Ó ń dáhùn ìbéèrè pé: báwo ni kí n ṣe pè é kí n má bàa rí i fín?

Taki ń dáhùn ìbéèrè pé: orúkọ ta ni ó gbé dìde? Lọ́jọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ni àwọn Gã ń ṣe kpojiemɔ, èyí tí í ṣe ìkómọjáde àti ìsọmọlórúkọ. Ilé baba ni ó ni orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ náà. M. J. Field, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn Gã jáde ní 1940, ṣàlàyé pé ọ̀wọ́ orúkọ méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan ní, tí ìran kan ń lo èyí, tí ìran tí ó tẹ̀lé e ń lo èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ baba àgbà ni ọmọ ń jẹ́, kì í ṣe ti baba tí ó bí i. Ẹni tí ó bá fi orúkọ wá ọmọ nínú ìwé àkọsílẹ̀, tí ó ń retí pé kí ọmọ jẹ́ orúkọ baba rẹ̀, yóò fo ìran kan dá.

Tawia ń dáhùn ìbéèrè pé: báwo ni wọ́n ṣe bí i? Ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì ni Tawia, nínú Gã àti nínú Akan. Ọkùnrin méjì tí a bí ní ìbejì ní Gã ni Oko àti Akuete. Obìnrin méjì ni Akuele àti Akuokɔ. Láàrin àwọn Fɔn ní Benin, ọmọkùnrin tí ó tẹ̀lé ìbejì ni Dosu. Láàrin wa, Ìdòwú ni. Ọba tí ó jọba fún ogójì ọdún ní Accra jẹ́ orúkọ tí Yorùbá ìbá pè ní Ìdòwú. Kò sí ohun ọlá kankan nínú Tawia fúnra rẹ̀. Ọmọ apẹja lè jẹ́ ẹ, ọmọ ọba lè jẹ́ ẹ.

Oǹkà I ni ẹ̀yà kẹrin. Láti ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni a ti yá a, ó sì ń dáhùn ìbéèrè akọ̀wé: ẹni kelòó ni èyí? Nínú gbogbo ẹ̀yà orúkọ náà, òun ni ó ń ṣini lọ́nà jù. Kumasi fi èyí hàn gbangba. Asantehene tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú lọ sí ìgbèkùn ní 1896 ti gba orúkọ oyè Kwaku Dua III nígbà tí ó jẹ ní 1888. Prempeh ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ, orúkọ yìí ni ó sì yè. Nígbà tí ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1931 di Prempeh II, ẹni ìṣáájú di Prempeh I nínú ìwé ìtàn. Oǹkà tí a rò pé orúkọ oyè ni ó ń kà ti ń ka orúkọ mìíràn.

Ìhun alápá púpọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Samuel Johnson, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ya orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ àti oríkì sọ́tọ̀ kúrò lára wọn. Aláàfin Abíọ́dún tí ó lókìkí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àpẹẹrẹ tí ó bá Taki Tawia mu jù. Abíọ́dún ń sọ ìgbà tí wọ́n bí i, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí nígbà ọdún sì lè jẹ́ ẹ. Adégoólú, orúkọ rẹ̀ kejì, ni ó ń sọ ilé, nítorí adé tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wa àti Gã ni pé mọfíìmù kan nínú orúkọ Yorùbá lè sọ ipò ìdílé ní gbangba. Nínú Taki, kò sí mọfíìmù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jẹ́ orúkọ náà ni wọ́n sọ ọ́ di ti ọba.

Ọ̀ràn Akan tún yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ Akan ní kradin, orúkọ ọjọ́ ìbí, àti agyadin, orúkọ tí baba fún un. Ìhà ìyá, èyí tí wọ́n ń pè ní abusua, ni oyè Asante ń gbà. Nítorí náà, bí a ti rí Osei Tutu, Osei Kwadwo, Osei Kwame, Osei Bonsu àti Osei Yaw lórí Àga Wúrà, a kò gbọdọ̀ rò pé baba ń gbé Osei fún ọmọ, tí ọmọ sì ń gba oyè pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà tí orúkọ ń gbà àti ọ̀nà tí oyè ń gbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Lóde òní pàápàá, ọba a máa yan orúkọ: ẹni tí ó gorí oyè ní 1999 tí ó di Osei Tutu II, Kwaku Duah ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

4.0 Ìró àti àkọtọ́

Ṣé ọ̀kan náà ni Taki ti Gã àti Takyi ti Akan? Ìró ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi. Nínú Akan, àsénupè àfàfàsépè [k] máa ń di àṣésí níwájú fáwẹ̀lì iwájú. Ìró tí ó jáde yìí ni àkọtọ́ Akan ń kọ ní ky, ó sì sún mọ́ èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní ch. Schachter àti Fromkin fi òfin fonọ́lọ́jì ṣàlàyé ìyípadà yìí ní 1968. Dolphyne sì tún un gbé yẹ̀ wò nínú àwọn ẹ̀ka-èdè Akan ní 1988. Ìyàtọ̀ láàrin Takyi àti Tekyi jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè: àǹkóò fáwẹ̀lì ni ó mú kí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ dìde níwájú i, àwọn Fante sì ń kọ èyí tí ó dìde náà ní e. Tachie àti Techie ni àkọtọ́ àwọn tí wọ́n fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ky.

Gã ní [k] nínú Taki. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn Gã kò lè pe àṣésí Akan ni wọ́n ṣe fi [k] rọ́pò rẹ̀. Àlàyé yìí kò lè dúró, nítorí Gã ní àṣésí tirẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ ní ts, a sì ń gbọ́ ọ nínú maŋtsɛ. Bákan náà, nígbà tí Gã yá orúkọ Akan náà, Agyei, ó di Adjei. Àṣésí akùnyùn wọlé láìní ìṣòro. Bí ó bá jẹ́ pé Takyi tí a ń gbọ́ lẹ́nu Akan lónìí ni Gã yá, Tatsi ni ìbá jẹ́. Bí Taki bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú Akan, a jẹ́ pé ó ti wọlé nígbà tí [k] ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé orúkọ méjì ni wọ́n, tí wọ́n kàn jọra.

Ìwé àwọn Òyìnbó ti àtijọ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Akim ni wọ́n ń kọ Akyem, Kibi ni wọ́n sì ń kọ Kyebi. K tí ó wà níbẹ̀ bá èrò pé [k] ti wà tẹ́lẹ̀ mu, ṣùgbọ́n akọ̀wé kan lè da lẹ́tà akọ̀wé mìíràn kọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí ìró ti yí padà. Nítorí náà, lẹ́tà k nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́.

Orúkọ a sì máa ré kọjá ààlà èdè láìsí wàhálà. Ní James Town, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ James Fort sí ní 1673, agbo kan wà tí a ń pè ní Alata. Láti inú Allada ni orúkọ náà ti wá. Òun ni àwọn ará Gold Coast fi ń pe àwọn ènìyàn tí wọ́n ti apá ilẹ̀ Benin òní àti ilẹ̀ Yorùbá wá, títí kan ọṣẹ dúdú wa tí wọ́n ń pè ní alata samina. Wetse Kojo ni ìtàn Accra sọ pé ó fìdí oyè Alata múlẹ̀. Kojo sì ni orúkọ Akan fún ọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Gã, àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Alata, orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Akan. Ẹni tí ó bá wo orúkọ nìkan yóò gbé e fún àwọn tí kì í ṣe tiwọn.

5.0 Tackey ti Antigua àti Tacky ti Jamaica

Ìdájọ́ láti inú orúkọ ti ní àbájáde ńlá ní òkè òkun. Ní Antigua, ní 1736, àwọn olóko sọ pé àwọn rí àṣírí ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú. Ẹni tí wọ́n kà sí olórí rẹ̀ ni ọkùnrin kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Court, ṣùgbọ́n tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ń pè ní Tackey. Ọmọ bíi ọdún mẹ́wàá ni ó jẹ́ nígbà tí wọ́n mú un dé erékùṣù náà. Wọ́n pa á ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn 87 mìíràn sì kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Lónìí, Prince Klaas ni Antigua ń pè é, akọni orílẹ̀-èdè náà sì ni.

Ní Jamaica, ní oṣù kẹrin ọdún 1760, Tacky ṣáájú àwọn ẹrú láti oko Frontier àti Trinity ní ẹkùn St. Mary. Wọ́n gba ìbọn àti ẹ̀tù ní ilé ìṣọ́ tí ó wà ní Port Maria. Ọmọ Maroon kan tí ń jẹ́ Davy ni ó yìnbọn pa á, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn náà kò tíì parí nígbà yẹn. Bryan Edwards, tí ó kọ ìwé ní 1793, sọ pé Koromantyn ni, ó sì ti jẹ́ olóyè ní ilẹ̀ rẹ̀.

Láti inú àwọn àkọsílẹ̀ yìí, ohun mẹ́ta ni a lè bi orúkọ náà.

Èkíní: báwo ni wọ́n ṣe ń pè é? Èyí ni orúkọ náà lè dáhùn dáadáa jù. Àwọn akọ̀wé kan náà ń kọ Cudjoe fún Kojo. Èyí fi hàn pé wọ́n mọ ọ̀nà tí a ń gbà kọ àṣésí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ olórí ọ̀tẹ̀ yìí, wọn ìbá ti fi tch tàbí ch kọ ọ́. Ck tí wọ́n kọ ní Antigua ní 1736 àti ní Jamaica ní 1760 fi hàn pé [k] ni wọ́n gbọ́.

Èkejì: èdè wo ni ó ń sọ? Níhìn-ín ni ẹsẹ̀ ẹ̀rí ti ń yẹ̀. [K] bá Gã mu. Ó sì bá Akan tí kò tíì yí [k] padà mu. Ọ̀rọ̀ náà Coromantee kò sì lè ràn wá lọ́wọ́. Láti inú Kormantse ni ó ti jáde, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní ilé ìṣọ́ ní etíkun Fante. Àwọn oníṣòwò ẹrú fi ń pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kó láti Gold Coast, ìbáà ṣe elédè Akan, ìbáà ṣe elédè Gã tàbí Dangme. Àwa Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lucumí ni wọ́n pe ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú pọ̀ ní Cuba. Àmì ọjà ni, kì í ṣe orúkọ èdè.

Ẹ̀kẹta: ṣé ọmọ ọba ni? Orúkọ kò lè dáhùn èyí rárá. Takyi jẹ́ orúkọ tí baba Akan èyíkéyìí lè sọ ọmọ rẹ̀. Ọba Gã àkọ́kọ́ tí a mẹ́nu bà nínú bébà yìí, Taki Kome I, jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí Tackey àti Tacky ti kú. Ẹni tí ó bá fi ọlá Taki Tawia da aṣọ bo Tacky ti Jamaica ti gbé ọ̀rúndún kan lé orí èkejì. Bí Tacky bá jẹ́ olóyè, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá.

6.0 Àkọtọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́

Ní 2022, ìjọba Jamaica kéde ọjọ́ 8 oṣù kẹrin gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìrántí Chief Takyi. Ìdùnnú ni pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún akọni náà, tí wọ́n sì fẹ́ fi àkọtọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbọ́dọ̀ rí ohun tí ky ń ṣe. Àkọtọ́ Akan ti òde òní ni. Ó ń sọ pé elédè Akan ni ọkùnrin náà, ó sì ń pe àwọn tí ń kà á láti fi àṣésí pè é, nígbà tí àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ ní 1760 kọ [k]. Lẹ́tà méjì ti dá ẹjọ́ tí òpìtàn kò tíì dá.

Ewu yìí kò mọ sí Jamaica. Ní Accra, Tackie tí a kọ pẹ̀lú ck àti ie wà nínú ìwé ẹjọ́, ìwé ilẹ̀ àti orúkọ òpópónà. Ohùn kò sí lórí rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ èdè olóhùn ni Gã. Irú ìṣòro kan náà ni ó ń bá wa fínra nígbà tí akọ̀wé bá kọ orúkọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, tí ẹni tí kò mọ ilé náà kò fi lè mọ bí a ṣe ń pè é. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta fún àwọn tí ń kọ orúkọ inú ìtàn sínú ìwé atúmọ̀ tàbí àká orúkọ ní agbègbè wa:

(i) Kí a kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé tí a ti rí i, pẹ̀lú ọdún ìwé náà, kí a tó kọ ọ́ ní àkọtọ́ òde òní. Kí a má ṣe fi èkejì rọ́pò èkíní.

(ii) Kí a kọ ìpè rẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ohùn, láti ẹnu ẹni tí ó gbọ́ èdè náà.

(iii) Kí a sọ irú orúkọ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ́: àpọ́nlé, orúkọ ilé, orúkọ ìbí tàbí orúkọ oyè. Níbi tí oǹkà bá wà, kí a sọ orúkọ tí ó ń kà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi Taki ṣe àpẹẹrẹ bí orúkọ kan ṣe lè gba ọ̀nà púpọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Accra, ó kúrò ní orúkọ ènìyàn, ó di ti ilé, ó sì ń di ti oyè. Láàrin Akan, ó jẹ́ orúkọ baba fún ọmọ, tí oyè kò sì tẹ̀lé. Ní òkè òkun, ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ẹrú mú láti ilé tí olówó rẹ̀ kò rí gbà. Ìró rẹ̀ ń sọ òtítọ́ fún ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń bi í. Ìran àti ọlá olórúkọ ni kò sí nínú rẹ̀; ìyẹn wà lẹ́nu àwọn ará ilé àti nínú àwọn ìwé mìíràn. Bí a bá wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, a kò ṣìnà. Bí orúkọ ni a kọ́kọ́ rí, kí a ṣì máa béèrè ọ̀nà ilé.